Arakan Tó Wà ní Àpápá, Arakan Tó Wà Lókè Òkun

 

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè lọ kí ẹbí rẹ̀ tó ti bọ́ sínú ẹ̀sìn tí a kò mọ̀ rí ní àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe kàn mí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè ohun kan. Kò sí ẹni tó ń rin Àpápá tí kò mọ Burma Road. Gbogbo wa mọ Arakan Barracks. Àwọn kan nínú yín ń tajà lẹ́nu géètì rẹ̀. Níbo ni Arakan gan-an wà?

Etí òkun ni, ní apá ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè tí àwọn bàbá wa ń pè ní Bọ́mà, tó ń jẹ́ Myanmar lónìí. Rakhine ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ náà báyìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà tó nǹkan bí 90,000, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Dífíṣọ̀n 81 ló kọ́kọ́ lọ ní 1943, Dífíṣọ̀n 82 sì tẹ̀ lé e. Àfonífojì odò Kaladan ni Dífíṣọ̀n 81 gbà. Igbó náà dí, òkè rẹ̀ ga, ọkọ̀ kò lè wọ ibẹ̀, orí ni àwọn ọmọ wa fi ru ìbọn ńlá àti oògùn àti ọta, ọkọ̀ òfurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ní 25 January 1945, àwọn ọmọ ogun wa gba Myohaung, olú ìlú àwọn ọba Arakan àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Mrauk-U báyìí. Ibẹ̀ ni bárékè Myohaung ní Yábàá ti gba orúkọ. Dodan Barracks ní Ìkòyí, níbi tí àwọn olórí ìjọba ológun ti ṣàkóso Nàìjíríà, ojú ogun kan náà ni orúkọ tirẹ̀ náà ti wá.

Ìlú Myohaung yẹn, ilé ìsìn Búdà ló kún ibẹ̀. Ọba Min Bin kọ́ ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Shitthaung ní nǹkan bí 1535, orúkọ rẹ̀ sì ń ròyìn ère Búdà 80,000. Ẹ fojú inú wo ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Ọ̀wọ̀ tó jáde láti inú igbó pẹ̀lú ẹrù lórí, tó wá bá ara rẹ̀ láàárín ilé òkúta wọ̀nyí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀sìn yìí kì í ṣe àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn Àpápá. Orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ ti wà lára géètì wa tipẹ́. Àwa ni a kò béèrè.

Èmi náà kò béèrè, títí ọ̀rọ̀ fi dé ilé wa.

Àbúrò mi obìnrin ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Boundary. Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni, èmi ń lọ sí Áńgílíkà. Ajégúnlẹ̀ ló ti bí àkọ́bí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti tọ́ ọ. Ọmọ náà kàwé, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tún kàwé sí i, ó ríṣẹ́, ó ń fowó ránṣẹ́ sílé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé tí iṣẹ́ bá ti parí lópin ọ̀sẹ̀, òun a máa lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà kan nínú igbó. Ìyá rò pé eré ni. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ní òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ti kó lọ síbẹ̀, aṣọ funfun ni òun ń wọ̀, òun sì fẹ́ di mọ́ńkì. Ó wá fi kún un pé òun kò lè dì í bí ìyá òun kò bá yọ̀ọ̀da.

Ẹ̀yin náà mọ àdúgbò wa. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rin láti ojú pópó kan dé èkejì. Àwọn kan ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Àwọn kan ní orí ọmọ náà ti dàrú, kí wọ́n tètè lọ gbé e wálé. Ẹnì kan pa á lówe fún àbúrò mi lójú ọjà pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ó gbààwẹ̀, ó sunkún, ó rù. Nígbà tó gbọ́ pé mò ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù torí ọmọ tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó wá bá mi lálẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má bá a jà. Ẹ kàn fojú yín rí ibi tó ń sùn.” Ìròyìn kò tó àfojúbà. Mo gbà láti lọ.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí irú ibẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà púpọ̀ ló wà nínú ẹ̀sìn Búdà, gẹ́gẹ́ bí ìjọ ṣe pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Èyí tí ọmọ wa wọ̀ ni ti àwọn mọ́ńkì inú igbó, tó gbilẹ̀ ní Thailand lọ́wọ́ Ajahn Mun, ẹni tó kú ní 1949. Ajahn Chah, tí wọ́n bí ní 1918 ní agbègbè Ubon, gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1954 ó jókòó sínú igbó kan nítòsí abúlé tí wọ́n ti bí i, ibẹ̀ sì di ilé mọ́ńkì tí wọ́n ń pè ní Wat Pah Pong. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Sumedho, di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 1977 Ajahn Chah mú un wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú mélòó kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin wọn ni pé kí mọ́ńkì gbé abọ́ rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀, kó rìn kọjá níwájú àwọn ènìyàn, kó má tọrọ, kó gba ohun tí a bá fi sí i. Ta ni yóò fi oúnjẹ sínú abọ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù? Síbẹ̀ wọ́n ń jáde. Ọkùnrin kan tó ń sáré ìdárayá ní pápá Hampstead pàdé wọn, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ló fi odindi igbó kan tó jẹ́ tirẹ̀ ní Sussex ta wọ́n lọ́rẹ. Hammer Wood ni igbó náà ń jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ilé mọ́ńkì Chithurst ti bẹ̀rẹ̀ ní 1979, ibẹ̀ ni àwọn yòókù sì ti ràn kálẹ̀.

Ibi tí ọmọ wa wà, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n máa fi òun ṣe ìran.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń bọ̀ láti abẹ́ àwọn igi, ó ti fá orí kodoro, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ewé gbígbẹ. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, mo kì í, a jọ dìde. Ìgbà tí a jókòó ló wá sọ fún mi pẹ̀lú ìtìjú pé, “Mọ́mì, nísinsìnyí tí mo wà nínú aṣọ funfun, mo ṣì lè dọ̀bálẹ̀ fún yín. Bí mo bá ti wọ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ ti mọ́ńkì, n kò ní lè ṣe é mọ́. Mọ́ńkì kì í foríbalẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe mọ́ńkì, ìbáà jẹ́ òbí rẹ̀. Obìnrin kankan kò sì gbọdọ̀ dì mọ́ mi.”

Mo ní, “Àní ìyá rẹ?”

Ó ní, “Àní ìyá mi.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ọmọ Yorùbá tí kò ní dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀! Gbogbo nǹkan yòókù ni mo lè fara mọ́ kí èyí tó dé. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní aṣọ náà ni àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún, pé ẹni tó wọ̀ ọ́ ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ òfin 227, àti pé ìyá rẹ̀ yóò ṣì jẹ́ ìyá rẹ̀ nínú ohun gbogbo mìíràn. Ó sọ ohun kan fún mi tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: òfin wọn kan náà fàyè gba mọ́ńkì láti fi oúnjẹ tí wọ́n fún un bọ́ òbí rẹ̀ tó bá ṣàìní, kó sì tọ́jú wọn nígbà àìsàn. Mo rò ó títí. Mo gbà pé ó bá ọgbọ́n mu. Ọkàn mi kò tíì gbà á tán, mo sì rò pé ẹ̀tọ́ mi ni kó má gbà á.

Ní ti oúnjẹ, kò ní ṣòro fún ìyá Ajégúnlẹ̀ láti bá wọn gbé. Mọ́ńkì kì í dáná. Kì í fi oúnjẹ pamọ́ di ọjọ́ kejì. Yàtọ̀ sí omi, kì í jẹ ohun tí a kò fi lé e lọ́wọ́. Bí oòrùn bá ti kọjá àtàrí, oúnjẹ ti parí fún un títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kì í fọwọ́ kan owó rárá. Nítorí náà, bí àlejò kò bá mú oúnjẹ wá, ebi yóò pa wọ́n. Mo ti se jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín ní ilé ọmọ mi kí n tó gbéra ní òwúrọ̀ yẹn. A tò, àwọn ará Thailand, àwọn ará Sri Lanka, àwọn òyìnbó, èmi náà, oníkálukú pẹ̀lú àwo tirẹ̀, a fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n súre fún wa pẹ̀lú orin ní èdè Pali. Mo béèrè nípa ẹran, torí mo ti rò pé wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní ohun tí a bá fún àwọn ni àwọn ń jẹ, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ tọ́ ẹran tí a pa nítorí tiwọn wò. Mo rí mọ́ńkì òyìnbó kan tó jẹ mọ́ínmọ́ín tán tó sì nu abọ́ rẹ̀ mọ́. Inú mi dùn.

Wọ́n mú mi wo ahéré onígi tí mọ́ńkì kọ̀ọ̀kan ń gbé, kuti ni wọ́n ń pè é. Ẹni, fìtílà, ère kékeré kan. Gbogbo ohun tí mọ́ńkì lè pè ní tirẹ̀ ni aṣọ mẹ́ta, abọ́, ìgbànú, abẹ ìfárí, abẹ́rẹ́, àti ohun tí a fi ń sẹ́ omi. Iwájú ahéré náà ni ọ̀nà tóóró kan tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú ìrònú. Àwọn tó ń wá yàrá ní Ajégúnlẹ̀ yóò wo ibẹ̀, wọn yóò ní ìyà ni. Ọmọ náà kò jọ ẹni tí ìyà ń jẹ. Ó sanra díẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń fetí sílẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo bi í ní ìbéèrè tí pásítọ̀ mi ní kí n bi í: “Ta ni ẹ ń sìn?” Ó ní ènìyàn ni Búdà, ọmọ ọba tó fi ààfin sílẹ̀ ní ìhà ilẹ̀ Íńdíà láti wá òpin ìjìyà, pé àwọn ń tẹrí ba fún ère rẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, àwọn kò sì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ère. Mo sọ fún un pé èmi gba Ọlọ́run gbọ́, n kò sì ní tẹrí ba fún ère. Ó ní kò sí ìyọnu. Mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí àti ní Sẹ̀lẹ́, mo jókòó, mo rí i pé n kò na ẹsẹ̀ sí ère tàbí sí àwọn mọ́ńkì, torí àrífín ni lójú wọn. Nígbà tí wọ́n foríbalẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó wò mí ní ìwòkuwò.

Ohun tó ń ba àbúrò mi lẹ́rù jù ni igbó. Kí ló dé tó jẹ́ igbó? Mo rán an létí ìjọ tirẹ̀. Samuel Bilewu Oshoffa, káfíńtà tó ń ṣòwò igi dúdú, inú igbó ni ó ti sọnù ní 1947 ní agbègbè Pọ̀tónóvò, ìgbà tó jáde ni ó bẹ̀rẹ̀ ìjọ tí àbúrò mi ń wọ aṣọ funfun lọ báyìí. Àwọn apẹja ló gbé e wọ Mákòkó. Òṣogbo náà ńkọ́? Susanne Wenger wá láti Austria, ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó wọ igbó Ọ̀ṣun gẹ́gẹ́ bí àjèjì, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2009. Àwa la pè é ní Àdùnní. Ó dá mi lójú pé àwọn ẹbí rẹ̀ ní Austria náà béèrè ohun tí orí rẹ̀ ń ṣe.

Kí n padà sí Arakan díẹ̀, torí mo fẹ́ kí ẹ mọ ọkùnrin kan. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ sójà ní 1942 nígbà tó ṣì kéré, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tó farapa. Ní March 1944, àwọn ará Japan yọ sí wọn ní etí odò ní àfonífojì Kaladan. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kagbo, ló kù nínú igbó, wọn kò lè rìn. Ará abúlé kan, Mùsùlùmí tó ń jẹ́ Shuyiman, gbé oúnjẹ wá fún wọn ní ìkọ̀kọ̀, nígbà tó yá ó gbé wọn sí ilé ara rẹ̀ láàárín ìyàwó àti ọmọ. Bí àwọn ará Japan bá rí wọn, gbogbo ilé náà ni wọn ì bá pa. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò kí àwọn sójà wa tó dé ibẹ̀ ní December 1944. Kìrìsìtẹ́nì ni Fadoyebo, ó sì ń bá àwọn tó gbà á là jókòó síbi àdúrà tiwọn. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀. Ní 2011 akọ̀ròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman. Fadoyebo kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn ènìyàn Shuyiman ni a ń pè ní Rohingya. Ní 2017, àwọn ológun Myanmar lé wọn kúrò ní Rakhine, ó lé ní 700,000 tó sá lọ sí Bangladesh. Àwọn mọ́ńkì kan sì wà, nínú aṣọ kan náà tí ọmọ wa fẹ́ wọ̀, tí wọ́n ti fi ìwàásù ru àwọn ènìyàn sókè sí wọn ṣáájú ìgbà náà. N kò lè dúró ní Àpápá, lẹ́bàá géètì Arakan, kí n yin mọ́ńkì kí n fi èyí pamọ́. Mo gbé e ka iwájú ọmọ náà. Kò jà fún wọn. Ó ní ẹni tó bá ru ènìyàn sókè láti pa ènìyàn ti kúrò lójú ọ̀nà Búdà, aṣọ yòówù kó wọ̀. Ìdáhùn tí mo fẹ́ gbọ́ ni. Ẹ̀yin òbí, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa bi àwọn ọmọ yín, ìbáà jẹ́ ìjọ, ìbáà jẹ́ mọ́ṣáláṣí, ìbáà jẹ́ igbó mọ́ńkì ni wọ́n wọ̀: kí ni àwọn aṣáájú yín ń sọ nípa ẹni tí kò sí nínú yín?

Àwọn kan lè ní ọmọ aláwọ̀ dúdú kankan kò di mọ́ńkì rí. Ọmọ Uganda kan, Bhante Buddharakkhita, lọ kàwé ní Íńdíà ní 1990, ibẹ̀ ló ti pàdé àwọn mọ́ńkì. Wọ́n fi í jẹ mọ́ńkì ní Amẹ́ríkà ní 2002, ó gbé ní ilé mọ́ńkì inú igbó ti Bhavana ní West Virginia, ó sì padà sílé dá ibùdó ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀ ní 2005. Ó ti ròyìn bí àwọn ènìyàn ṣe ń wo orí rẹ̀ tó fá àti aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó ya wèrè. Ìyá rẹ̀ wá sí ibùdó náà láti wo ohun tí ọmọ òun ń ṣe. Nígbà tó yá, òun náà fá orí, ó sì di mọ́ńkì obìnrin. N kò sọ èyí láti ní kí ìyá ẹnikẹ́ni fá orí. Èmi kò ní fá tèmi. Ìyá náà lọ wò ó, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Nígbà tí mo padà délé, mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún àbúrò mi, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn. Mo sọ ti ìdọ̀bálẹ̀ fún un, ó dákẹ́ pẹ́. Mo wá sọ ibi tí òfin ìyọ̀ọ̀da ti wá. Ìtàn wọn ni pé Búdà gba Rahula, ọmọ bíbí inú rẹ̀, sínú àwọn mọ́ńkì láìbi ẹnikẹ́ni. Bàbá Búdà, ọba Suddhodana, wá bá a pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó ní irú ìrora yìí ń gé ènìyàn dé egungun, kó má ṣe gba ọmọ ọlọ́mọ mọ́ láìgba àṣẹ òbí. Búdà gbà. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnì kan jẹ mọ́ńkì, wọ́n á bi í lójú gbogbo ènìyàn bóyá bàbá àti ìyá rẹ̀ ti yọ̀ọ̀da.

Àbúrò mi ní, “Ṣé òótọ́ ni pé bí mo bá ní rárá, wọn kò ní gbà á?” Mo ní òótọ́ ni. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ohun tó ti ń bà á nínú jẹ́ láti ọjọ́ yìí wá ni pé ó rò pé wọ́n ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun. Kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Èmi, bí wọ́n bá bi mí, màá ní kó yọ̀ọ̀da. Ó ní kò tíì tó àkókò. Ó pe ọmọ rẹ̀ lójú mi, ó ní òun kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun kò sì sọ pé rárá, òun fẹ́ wá fojú ara òun rí i kí òun tó fọhùn, kó dúró nínú aṣọ funfun rẹ̀ títí òun yóò fi dé. Ọmọ náà ní òun yóò dúró. Wọ́n ń ṣe ìwé ìrìnnà àbúrò mi lọ́wọ́ báyìí. Ó ti ṣa pańla tó dára jù nínú ọjà rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà tí a bá pàdé, aago mélòó ni òun gbọdọ̀ gbé ọbẹ̀ kaná kí ó lè délẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo ti ṣe tán. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn tó wà ní ìdúró.